Ọkọ̀ Bàbá Tìmótì àti Ọpẹ́ Àná

Ọpẹ́ ni mo fi jẹun fún ọdún mọ́kàndínlógún. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn aládùúgbò mi ní Ṣómólú, wọ́n á rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni mo bá ṣiṣẹ́. Rárá o. Yunifásítì ni mo bá ṣiṣẹ́, ní ọ́fíìsì kékeré kan tó ní fèrèsé méjì àti fáànù kan tó ń ké ju bó ṣe ń fẹ́ lọ. Iṣẹ́ wa níbẹ̀ ni láti máa gba ọrẹ lọ́wọ́ àwọn tó bá fẹ́ ran ẹ̀kọ́ àti ìwádìí lọ́wọ́, kí a rí i pé ohun tí wọ́n ní kí a fi ṣe la fi ṣe, kí a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀gá mi ló ń bójú tó gbígbà. Èmi ni mo ń bójú tó ọpẹ́.

Ọ̀gá Akínlabí ni orúkọ rẹ̀, ọkùnrin gíga kan tó máa ń wọ kóòtù kódà nígbà tí kò bá sí iná. Lọ́jọ́ kìíní tí mo dé ibẹ̀, kó tó fi àga hàn mí ló ti kó lẹ́tà lé mi lọ́wọ́.

Ó ní, "Màdáàmù Fọlákẹ́, ẹni tó bá fún wa ní nǹkan lónìí, lẹ́tà wa kò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ márùn-ún kó tó kúrò lọ́wọ́ wa. Ẹni tí a bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa ló ń padà wá."

Mo ní, "Yinniyinni kí ẹni ó ṣe òmíràn ni, sà."

Inú rẹ̀ dùn. Ó ní a ó mọwọ́ ara wa.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìjọba nìkan ló ń gbọ́ bùkátà yunifásítì, tàbí owó iléèwé tí àwọn òbí ń san. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí mo dé ọ́fíìsì yẹn ni mo tó mọ̀ pé awò tí àwọn ọmọ fi ń wo kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, oníṣòwò ike kan ní Palmgrove ló rà á. Àwọn ọmọ kan wà tó jẹ́ pé bí kì í bá ṣe ti ẹnì kan tí wọn kò fojú rí rí, ọdún kejì ni ìwé wọn ì bá ti parí. Olóore là ń pe irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọ́fíìsì wa. Oore wọn sì jẹ́ oríṣiríṣi. Òmíràn wà tí a ó ná tán lọ́dún kan. Òmíràn wà tí a kì í fọwọ́ kàn rárá. A ó gbé e síbi tí yóò ti máa mú èrè wá, èrè náà nìkan la ó sì máa ná, bí ẹni tó gbin igi ọsàn tó ń ká èso rẹ̀ lọ́dọọdún tí kò gé igi. Òmíràn kì í ṣe owó. Ìwé ni, ẹ̀rọ ni, nígbà mìíràn ilẹ̀ ni. Irú èyí ló ṣòroó dúpẹ́ fún jù lọ, nítorí owó ẹnì kan kò yàtọ̀ sí owó ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn ti fọwọ́ ara rẹ̀ lò fún ogún ọdún, òun nìkan ló mọ ohun tó yọ nínú ayé rẹ̀ fún ọ. Ó pẹ́ kí n tó mọ èyí, ojú mi sì rí nǹkan kí n tó mọ̀ ọ́n.

A ní òfin kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń jẹ oore kò gbọ́dọ̀ lọ sí ilé olóore. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó nídìí. Ọkùnrin olówó kan wà tó ń san owó iléèwé ọmọ mẹ́rin. Nígbà tó ń ṣe ọjọ́ ìbí, ó ní kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá kí òun. Wọ́n débẹ̀, wọ́n bá igba àga nílẹ̀ tí wọ́n ní kí wọ́n tò. Wọ́n to àga, wọ́n fọ abọ́, ìdánwò wọn sì ku ọ̀la. Ọ̀kan nínú wọn, tó ń kọ́ nípa òfin, wá bá mi lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ojú tó pọ́n. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, àdéhùn wo gan-an la bá bàbá yẹn ṣe?" Láti ọjọ́ náà la ti ní kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sí àyè wọn, ọ́fíìsì ni yóò máa bá wọn dúpẹ́. Èmi sì ni ọ́fíìsì.

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa nígbà náà ni Bùkọ́lá, ọmọbìnrin kan tó ń ṣe ìwádìí nípa omi ọ̀sà láti fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló máa ń lọ sójú omi, yóò bu omi sínú ìgò kéékèèké níbi mẹ́fà, ibi kan náà nígbà gbogbo. Ó fẹ́ mọ ohun tó ń ba omi náà jẹ́ àti ìdí tí ẹja fi ń dín kù. Ọdún méjì gbáko ni iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ fi lọ láìdáwọ́ dúró. Bí Ọjọ́bọ̀ kan bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn olùkọ́ rẹ̀ lè fojú fò ó. Bí méjì bá bọ́ tẹ̀léra, ó di kó tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú owó tó fi ń jẹun ló ti ń háyà ọkọ̀ àwọn apẹja Bàrígà, nígbà mìíràn ọkọ̀ tó ń jò, tí yóò máa fi agolo gbọ́n omi jáde kí ó tó rí àyè bu èyí tó wá bù.

Níbẹ̀ ni Bàbá Tìmótì ti ń wò ó. Ọmọ Ìlàjẹ ni Bàbá, láti etí òkun Oǹdó, ó sì ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń pẹja ní Bàrígà. Orúnkún ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Tìmótì ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Igbóbì, kò sì fẹ́ rí ẹja níbikíbi àfi nínú ọbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Bàbá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ọ́fíìsì wa, ó ní òun fẹ́ fún ọmọbìnrin oní-ìgò ní ọkọ̀ òun, tòun ti ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Fọ́ọ̀mù wa ní ibi tí a ti ń kọ ìdí tí olóore fi ń tọrẹ. Mo bi í pé, "Kí ni ká kọ síbẹ̀, Bàbá?"

Ó ní, "Omi yìí ń ṣàìsàn. Gbogbo wa la mọ̀. Òun nìkan ni mo rí tó ń bi í pé kí ló ń dùn ún."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Nígbà tí mo wá ń tẹ̀ ẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, mo kọ ọ́ pé fún ìrànlọ́wọ́ ìwádìí ni.

Ọjọ́ Ajé ló wa ọkọ̀ náà dé etí omi yunifásítì. Ọkọ̀ tó dára ni, a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀dà kùn ún, kò sí ibi tó ń jò. Mo ya fọ́tò, Bàbá tẹ̀ka sí ìwé, Bùkọ́lá kúnlẹ̀ kí i, ó sì gbàdúrà fún un. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, mo ní, "Bàbá, lẹ́tà wa á tẹ̀ yín lọ́wọ́." Ó ní, "Kò burú. Ẹ ó bá mi nílé." Mo rò pé ó ń dágbére ni.

Lẹ́tà náà lọ ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún gẹ́lẹ́. Ìwé tó nípọn, òǹtẹ̀ wúrà lórí, ìbuwọ́lùwé ọ̀gá àgbà lábẹ́. Mo fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú fáìlì, mo sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì sí i kí Bùkọ́lá tó já wọ ọ́fíìsì wa lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, àwọn ìgò òfìfo ń dún nínú báàgì rẹ̀.

"Màmá, ọkọ̀ ti lọ."

"Ó lọ síbo?"

"Gátímáànù ní Bàbá fúnra wọn ló wá gbé e láàárọ̀ yìí. Mo sáré lọ háyà òmíràn ní Bàrígà, gbogbo wọn ní àwọn ò gbé mi. Ọ̀kan ní, ẹni tí kò dúpẹ́ ọkọ̀ Bàbá Tìmótì, ṣé ọkọ̀ tòun ló wá kù tó fẹ́ gùn?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Mi ò pa Ọjọ́bọ̀ kan jẹ rí, Màmá. Ọ̀kan ti bọ́ báyìí. Bí èyí tó ń bọ̀ bá tún bọ́, ó ti tán nìyẹn."

Kí n sọ òótọ́, inú bí mi. Ta ni kò dúpẹ́? Èmi tí mo fọwọ́ ara mi tẹ lẹ́tà, tí mo wá ìwé tó nípọn fún un? Mo yọ ẹ̀dà lẹ́tà náà nínú fáìlì. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo gbé e há abíyá, mo gba Bàrígà lọ.

Ilé Bàbá jẹ́ ilé pákó tí wọ́n kọ́ lé òpó lójú omi. Orí afárá pákó tóóró lèèyàn ń rìn dé ibẹ̀. Mo bá a tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, tó ń tún àwọ̀n ṣe. Ó ní kí n jókòó, ó ní kí wọ́n fún mi lómi. Ara rẹ̀ balẹ̀ ju tèmi lọ.

Mo ní, "Bàbá, ẹ wò ó, lẹ́tà ọpẹ́ yín rèé. Ọjọ́ karùn-ún ló kúrò lọ́wọ́ wa."

"Ó dé. Tìmótì kà á fún mi."

"Ẹ ṣeun, sà. Ẹ sì gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀?"

"Mo gbọ́. Ó ní ẹ jẹ́rìí sí i pé ẹ ti gba ọkọ̀ kan." Ó fa okùn àwọ̀n náà le. "Mo mọ̀ pé ẹ ti gbà á. Èmi ni mo wà á wá."

Mo ká lẹ́tà náà padà. Mo ní, "Ṣé a ṣẹ̀ yín ni, Bàbá?"

"Kò sí nǹkan, ọmọ mi. Orúnkún mi ló fúyẹ́ díẹ̀, mo fẹ́ padà sójú omi."

Orúnkún tó fúyẹ́ náà kò jẹ́ kó lè dìde sìn mí láìdi òpó mú. Ìyàwó rẹ̀, Màmá Tìmótì, tó ń yan ẹja lẹ́yìn ilé, ló sìn mí dé orí afárá. Nígbà tí a jìnnà díẹ̀, ó dúró.

"Ọmọ mi, mi ò ní tàn ọ́. Lọ́jọ́ kejì tó gbé ọkọ̀ wá fún yín, bàbá yìí jí, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní kí n gbálẹ̀, kí n ra mínírà, pé àwọn ará yunifásítì ń bọ̀ wá dúpẹ́ àná. Ó pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́rin kí wọ́n wá bá òun gba ọpẹ́ náà. Wọ́n jókòó títí oòrùn fi kànrí. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún jókòó. Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ yín oní-ìgò gba iwájú ilé yìí kọjá nínú ọkọ̀ náà. Ó juwọ́ sí wọn, ó ń lọ. Báyìí ni wọ́n ṣe dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Èyí ló dùn ún jù."

Ojú tì mí débi tí mi ò lè gbójú sókè. Bí aládùúgbò bá fún mi ní mọ́ínmọ́ín ẹyọ kan lálẹ́, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láàárọ̀ kí n tó kan ilẹ̀kùn rẹ̀ pé, "Ẹ ṣeun àná o." Àwọn ọmọ mi mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá gbàgbé, mo máa ń lé wọn padà. Nílé, mo mọ̀ ọ́n. Ní ọ́fíìsì, ọdún méjìlá ni mo ti gbàgbé rẹ̀, tí mo sì ń pe ara mi ní ẹni tó mọ ọpẹ́ dá. Ọkùnrin kan fún wa ní ọkọ̀ tó fi tọ́ ọmọ, bébà ni mo fi ránṣẹ́ sí i.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo ní kí Bùkọ́lá mú mi lọ bá ìyá rẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Màmá Bùkọ́lá, ìyá ìjọ Onítẹ̀bọmi, ó ń ta bébà fún àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú. Mo bá a láàárín ìdì bébà tó ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Mo ro ẹjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀.

"Ẹ dúró ná. Wọ́n fún ọmọ mi ní ọkọ̀? Odidi ọkọ̀? Ẹni tó fún un ní bírò, mo mọ̀ ọ́n. Ẹni tó fún un ní ọkọ̀, mi ò mọ̀ ọ́n! Bùkọ́lá, kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Wọ́n ní òfin ni, Màmi. Wọ́n ní a ò gbọ́dọ̀ lọ sílé wọn."

"Òfin ta?"

Bùkọ́lá wo ojú mi. Èmi wo bébà.

Màmá Bùkọ́lá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ẹ ti sọ ọmọ mi di olè lójú àwọn ará Bàrígà, ẹ sì tún kọ ọ́ sí ìwé." Ó jókòó, ó fi gèlè nu ojú. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ọ̀gá yín dà?"

Mo ní ó wà ní Ìbàdàn, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ń bọ̀.

"Ọjọ́rú la ó lọ nígbà náà. Kó bá wa lọ o, kò gbọ́dọ̀ rán ẹnikẹ́ni. Ẹ má mú ìwé kankan dání. Ẹ má sì dárúkọ ọkọ̀."

Mo ní, "Ẹ̀yin náà, Ọjọ́bọ̀ ni ọmọ yìí gbọ́dọ̀ wà lójú omi. Bí a ò bá bẹ̀ wọ́n..."

"Ọpẹ́ la ń lọ ṣe. Ẹni tó bá ń dúpẹ́ tó tún ń na ọwọ́, ó ti ba ọpẹ́ rẹ̀ jẹ́. Bí wọ́n bá fún un, ẹ jẹ́ kó ti ọwọ́ wọn wá."

Mo pe ọ̀gá mi lórí fóònù. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Màdáàmù Fọlákẹ́, ṣé lẹ́tà yẹn kò dé ni?"

"Ó dé, sà."

"Kí ló wá kù?"

"Àwa ló kù, sà."

Mo gbọ́ tó ń ṣí ìwé kan. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé aago mélòó la ó gbéra.

Ní Ọjọ́rú, àwa mẹ́rin la gba orí afárá pákó náà kọjá: Màmá Bùkọ́lá níwájú, Bùkọ́lá, èmi, ọ̀gá mi sì wà lẹ́yìn nínú kóòtù, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Ọkọ̀ náà wà lábẹ́ ilé, wọ́n so ó mọ́ òpó. Gbogbo wa la rí i. Kò sí ẹni tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá wà lórí àwọ̀n rẹ̀. Màmá Bùkọ́lá fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ lórí pákó, tòun ti ọjọ́ orí rẹ̀. "Bàbá, èmi ni ìyá oní-ìgò. Ẹ ṣeun àná o. Àná ti pẹ́, àwa la jẹ́ kó pẹ́. Ẹ má bínú." Bùkọ́lá àti èmi náà ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Ọ̀gá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kóòtù rẹ̀ kan omi ẹja. Mi ò mọ̀ pé ó lè tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá gbé àwọ̀n sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde. Mo gbọ́." Lẹ́yìn náà ló ní, "Kì í ṣe èmi nìkan ni mo jókòó."

Ó dárúkọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́rin, ó sì fi ọwọ́ júwe ilé wọn. Ó ní kí a lọ pè wọ́n wá.

A bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilé kan bọ́ sí òmíràn. Ẹnìkíní ní kí a dúró kí òun fọ ọwọ́ òun tán, ó sì fọ ọ́ pẹ́. Ẹnìkejì rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ará yunifásítì! Ọ̀nà yín jìn o." Ìkẹta mú fìlà, ó tẹ̀lé wa. Àwọn ọmọdé àti àwọn obìnrin tó ń yan ẹja yọ jáde láti wo bí ọ̀gá àwọn alákọ̀wé ṣe ń kan ilẹ̀kùn kiri. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ojú gbogbo ayé ni Bàbá ti jókòó, ojú gbogbo ayé ló yẹ kí a ti wá.

Ilé ìkẹrin wà ní ìpẹ̀kun afárá, ilé ẹni tí Bàbá pè ní Bàbá Jóòbù. Obìnrin kan tó wọ aṣọ dúdú ló jáde. Ìgbà tí a ní Bàbá Jóòbù la wá pè, ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ó pé ọjọ́ mẹ́wàá lónìí tí a sin ín."

Bàbá Tìmótì mọ̀ kó tó rán wa. Màmá Bùkọ́lá ni ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ jáde. Ó kí obìnrin náà kú ìrọ́jú, ó sì sọ ohun tí a bá wá.

Opó náà ní, "Ẹ̀yin ni ará yunifásítì yẹn?" Kò bínú. "Òun nìkan ló tún padà lọ jókòó lọ́jọ́ kẹrin. Mo ní kó má lọ mọ́. Ó ní, 'Wọ́n ń bọ̀. Àwọn tó kàwé ni, wọn ò lè ṣàìmọ̀.'"

Mo ti gbọ́ èébú rí lẹ́nu iṣẹ́. Kò sí èyí tó wọ̀ mí lára bí ìgbàgbọ́ ọkùnrin yìí nínú wa. Níbẹ̀ ni mo ti sunkún, mi ò sì fi pamọ́. A kúnlẹ̀ fún opó náà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìjókòó ọkọ rẹ̀ ọjọ́ mẹ́rin. Ó ní òun yóò tẹ̀lé wa lọ sọ́dọ̀ Bàbá Tìmótì, pé òun ni yóò gba ìpín tọkọ òun.

Nígbà tí a padà dé, Bàbá ti wọlé lọ pààrọ̀ aṣọ. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ̀. Màmá Tìmótì ti to àga, ó ti gbé mínírà kalẹ̀. Gbogbo wọn jókòó, a sì tún dúpẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, sókè, ẹnìkọ̀ọ̀kan wa pẹ̀lú ẹnu tirẹ̀. Bùkọ́lá sọ ohun tó ń wá nínú omi náà fún wọn, ó sọ ibi tó ti rí ìdọ̀tí jù àti ibi tí ẹja ṣì kù sí. Wọ́n bi í léèrè ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ ju èyí tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ ń bi í lọ, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí òun kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Bàbá gbàdúrà fún wa, ó sì ní òun dúpẹ́, kí a máa lọ ire.

Kò dárúkọ ọkọ̀. Mo la ẹnu mi báyìí, Màmá Bùkọ́lá já mi léèékánná ní ìhà.

Nígbà tí a bọ́ sí títì, mo kọjú sí i. "Màmá Bùkọ́lá, ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀ o."

"Mo mọ̀. Èmi ni mò ń ta bébà kàlẹ́ńdà."

Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín. Bùkọ́lá kò rẹ́rìn-ín. Ó di báàgì rẹ̀ mú, ó wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ sílé.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. A ti yí òfin wa padà kí n tó kúrò: bí oore bá wọlé lónìí, ẹnì kan láti ọ́fíìsì, akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ oore àti ẹnì kan láti ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ olóore láàárọ̀ ọ̀la. Lẹ́tà ń tẹ̀lé e, kì í ṣáájú. Ọmọbìnrin tó gba àga mi máa ń ṣàròyé pé ẹsẹ̀ ń ro òun. Mo ní kó fara dà á, pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Mo sì kọ́ ọ ní ìbéèrè kan tí kò sí nínú fọ́ọ̀mù, pé kó máa bi olóore: "Àwọn wo ni yóò bá yín jókòó?"

Ṣùgbọ́n Ọjọ́bọ̀ tí mò ń wí yẹn, mo tètè dé ibi iṣẹ́, mo bá ọ̀gá mi tó ti dé ṣáájú mi. Ó ń tẹ kọ̀ǹpútà, mo ń to fáìlì tí a ti tò tẹ́lẹ̀. Nígbà tó kọjá aago mẹ́jọ díẹ̀, gátímáànù pè lórí fóònù. Ó ní àwọn bàbá arúgbó mẹ́rin kan wà ní géètì pẹ̀lú obìnrin kan tó wọ dúdú, wọn ò sọ ẹni tí wọ́n wá rí, wọ́n ní kí àwọn alákọ̀wé tó wá àná jáde wá.

Mo sáré débẹ̀, ọ̀gá mi lẹ́yìn mi. Bàbá Tìmótì ló dúró níwájú pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta àti opó Bàbá Jóòbù lẹ́yìn rẹ̀. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ni gbogbo wọn wọ̀, àfi opó náà tó wọ dúdú. Mo kúnlẹ̀ lórí yanrìn. "Bàbá! Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí," ni ó wí. "A wá dúpẹ́ àná ni."

A ò ní àga kankan ní géètì. A ò ra mínírà. Ọ̀gá mi ní kí gátímáànù jọ̀ọ́ gbé bẹ́ǹṣì rẹ̀ jáde, òun fúnra rẹ̀ sì fi áńkáṣíìfù nu ún kí wọ́n tó jókòó. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wa fún ẹsẹ̀ tí a rìn wá, fún ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀, fún ilé tí a kàn. A gbà á. Mi ò lè fara dà á mọ́, ṣùgbọ́n mo rántí èékánná Màmá Bùkọ́lá, mi ò dárúkọ ọkọ̀.

Mo ní, "Bàbá, Bùkọ́lá ńkọ́? Ṣé ẹ rí i lónìí?"

"Ta ni kò rí i? Ó ti wà lójú omi láti aago mẹ́fà, èmi ni mo ti ọkọ̀ náà fún un." Bàbá na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún síwájú, ó sì fi ọwọ́ ra orúnkún náà. "Ó fẹ́ dúró kó máa kí mi. Mo ní kó máa lọ jàre, pé ọ̀la ni tiẹ̀."